Oògùn Ewé, Inú Ilẹ̀ Ló Ń Já Sí

Ìyá kan tó ń gbin tòmátì sí àkùrọ̀ pè mí ní ìdájí. "Bọ̀dá Agíríìkì, ṣé kí n kúkú fi oògùn òyìnbó tí mò ń lò sí àbàwọ́n ara ewé tòmátì sílẹ̀, kí n máa lo dóńgóyárò nìkan?" Mo ní, "Mà, ewé lẹ fẹ́ fín in sí ni, àbí ìdí rẹ̀ lẹ fẹ́ dà á sí?" Ìyá ní ìdí rẹ̀ ni. Àyà mi já.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹbí olu àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, ló sábà máa ń fa àbàwọ́n ara ewé tòmátì. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù nínú ẹbí yìí kò bá wa ṣọ̀tá. Ẹ bu erùpẹ̀ ọgbà tó dáa, ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan: bakitéríà inú rẹ̀ nìkan lè tó bílíọ̀nù kan, a ò tíì ka fọ́ńgọ́ọ̀sì. Àwọn kan ń sọ ewé jíjẹrà di ajílẹ̀. Àwọn kan so mọ́ gbòǹgbò ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, wọ́n ń na okùn tó tín-ín-rín ju irun orí lọ láti bá a wá oúnjẹ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Trichoderma ní tirẹ̀ ń jẹ àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń pa irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Oògùn tí ẹ dà sílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá. Carbendazim, ọ̀kan nínú àwọn oògùn òyìnbó tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, máa ń kó bá Trichoderma àti àwọn tó so mọ́ gbòǹgbò, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mancozeb, òmíràn nínú wọn, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè dá àwọn bakitéríà tó ń ṣètò naitrójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, dúró. Ibi tó ti ń tan àgbẹ̀ jẹ rèé: nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí a da oògùn sílẹ̀, ewé á tutù yọ̀yọ̀. Òkú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilẹ̀ ló ń jẹrà, tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ni.

Dóńgóyárò ńkọ́? Oòrùn àti kòkòrò àìfojúrí máa ń tú u ká kíákíá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Síbẹ̀, kì í ṣe omi lásán. Ní 2015, ìjọba Íńdíà pàṣẹ pé kí gbogbo yùríà, ìyẹn ajílẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní òróró dóńgóyárò lára, torí pé ó ń fa ọwọ́ àwọn bakitéríà ilẹ̀ sẹ́yìn kí yùríà má baà tètè ṣòfò.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe. Láti 1885 tí Millardet, onímọ̀ nípa ewéko, ti ròyìn rẹ̀ fún ọgbà àjàrà ní ilẹ̀ Faransé ni ayé ti ń fín in, àwọn tí kì í lo kẹ́míkà pàápàá ní ìyọ̀ǹda láti lò ó. Àwọn bàbá wa fín in sí kòkó títí nítorí àrùn tó ń sọ èso di dúdú. Ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà. Èyí tó bá já sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, tó bá sì pọ̀ jù, ekòló á sá. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), bàbà tí àgbẹ̀ ń lò kò gbọdọ̀ ju kílò 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje. Bí oko kòkó àtijọ́ lẹ sọ di ọgbà ẹ̀fọ́, ẹ má tún fi bàbà lé bàbà.

Mo ní kí ìyá fín ewé nìkan, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike, kí wọ́n sì kó ajílẹ̀ tó jinná síbẹ̀, torí òun ni oúnjẹ àwọn tó kù nínú ilẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà díẹ̀ sí igun kan, kí wọ́n lè fi mọ bí ilẹ̀ náà ṣe wà. Tó bá ń sún mọ́ àtiyọ òdòdó, kí wọ́n rọra hú u, kí wọ́n fi èékánná la kókó ara gbòǹgbò, níbi tí bakitéríà ń gbé. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, bakitéríà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí kókó rárá, ó yẹ ká fura, àyàfi tí yùríà bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, torí ìyẹn náà kì í jẹ́ kí kókó so.