Level adviser: kí ni iṣẹ́ rẹ̀, kí sì ni CGPA tó ń bá yín ṣọ́?

Lọ́sẹ̀ tí fásitì bá ń ṣe orientation fún àwọn ọmọ tuntun ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Vice-Chancellor á kí wọn káàbọ̀, Registrar á ka òfin, ọ̀gá ilé ìkàwé á sọ tiẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á kìlọ̀ nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn àti oògùn olóró. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ṣùgbọ́n èyí tó kan irú ìwé ẹ̀rí tí ọmọ máa gbé jáde kì í sábà wáyé níbẹ̀. Inú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ló ti máa ń wáyé, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ò ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tí HOD, olórí ẹ̀ka náà, bá nawọ́ sí olùkọ́ kan pé, "Level adviser yín rèé o." Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní tún yọjú sí olùkọ́ náà mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó buwọ́ lu course form, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ kọ́ọ̀sì sẹ́mẹ́sítà sí.

Olùkọ́ bíi ti àwọn yòókù ni level adviser. Ó ń kọ́ni, ó ń ṣe ìwádìí, ó ń ṣàmì ìdánwò. Ẹ̀ka rẹ̀ ló wá fi àwọn ọmọ ọdún kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa tọ́ wọn sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ṣe. Àwọn fásitì kan ń pè é ní course adviser tàbí academic adviser. Kì í ṣe counsellor. Ẹni tí wàhálà ilé tàbí ìrònú bá ń dà láàmú, ẹ̀ka counselling ló wà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé level adviser tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kó darí ọmọ síbẹ̀. Ohun tó wà níwájú òun fúnra rẹ̀ ni unit, máàkì àti CGPA, ìyẹn èsì gbogbo sẹ́mẹ́sítà tí wọ́n ṣírò pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò nǹkan mẹ́ta yìí kò yé ọ̀pọ̀ ọmọ títí wọ́n fi dé 300 level, ìyẹn ni wọn kì í fi í mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi í.

Unit ló ń sọ bí kọ́ọ̀sì kan ṣe wúwo tó. Unit kan jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15 tí sẹ́mẹ́sítà fi ń lọ. Tó bá jẹ́ practical, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà sí unit kan. NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn fásitì wa, fi ààlà sí i: ọmọ tó ń kàwé full-time kò gbọdọ̀ gba ohun tó dín ní unit 15 ní sẹ́mẹ́sítà kan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 24. Ẹ fi 24 yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Máàkì ló ń di point. Lórí ìwọ̀n 5 tí ọ̀pọ̀ fásitì ń lò, A (70 sókè) jẹ́ 5, B (60 sí 69) jẹ́ 4, C (50 sí 59) jẹ́ 3, D (45 sí 49) jẹ́ 2, E (40 sí 44) jẹ́ 1, F jẹ́ òdo. Ẹ fi point kọ̀ọ̀kan lọ́po unit kọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi àpapọ̀ unit pín in. GPA sẹ́mẹ́sítà yẹn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ro point àti unit gbogbo sẹ́mẹ́sítà pọ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti wọlé, tẹ́ ẹ sì pín in bákan náà, ó di CGPA. Láti 4.50 lọ sókè ni first class, 3.50 sí 4.49 ni two-one, 2.40 sí 3.49 ni two-two, 1.50 sí 2.39 ni third class. (Àwọn ọmọ MBBS, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, lè máa rẹ́rìn-ín: dìgírì tiwọn kì í ní first class tàbí two-one.)

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ 100 level kan ní Computer Science. Ó gba B nínú COS 101 tó jẹ́ unit 3, C nínú STA 111 tó jẹ́ unit 3, D nínú MTH 101 tó jẹ́ unit 2, C nínú PHY 101 tó jẹ́ unit 2, A nínú PHY 107 tó jẹ́ practical unit kan. Kọ́ọ̀sì méjì oní-unit 2 tún wà tí fásitì fúnra rẹ̀ fi kún un. Ó gba B nínú méjèèjì. Ó wá ku GST 111, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, unit 2. Gbogbo wa la mọ ojú tí wọ́n fi ń wo GST, àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò. "GST lásán-làsàn!" Kò lọ kíláàsì, ó gba F. Ẹ ṣírò rẹ̀: point 52, unit 17, GPA 3.06. Ká ní ó gba B nínú GST yẹn, point á di 60, GPA á di 3.53. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní lásán ló gbé e kúrò ní two-one bọ́ sí two-two.

F yẹn ti di carry-over nìyẹn, ó máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ fásitì, F àkọ́kọ́ kì í parẹ́: bó bá tún un ṣe tó gba B, àtijọ́ àti tuntun ni wọ́n jọ máa kà. Ibẹ̀ ni 24 ti ń jà. Ká ní kọ́ọ̀sì 200 level fún sẹ́mẹ́sítà kan jẹ́ unit 22, tí ọmọ sì ń gbé carry-over unit 6 bọ̀. 28 nìyẹn. Carry-over ló máa kọ́kọ́ wọ fọ́ọ̀mù, torí náà unit 4 nínú ti 200 level gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda àyè, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ prerequisite, ìyẹn kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tó tẹ̀ lé e náà dúró. Báyìí ni ọmọ tó mọ̀wé ṣe ń bá ara rẹ̀ ní extra year.

Àwọn staylite kan, ìyẹn àwọn ọmọ tó ti wà ní fásitì ṣáájú yín, á sọ fún yín pé 100 level kì í kà, pé ẹ kọ́kọ́ jayé. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ẹni tó mọ ìṣírò. Ká ní unit 140 ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin. Ẹni tó parí 200 level pẹ̀lú unit 70 àti CGPA 2.90 ṣì lè dé 3.50, bó bá ń mú 4.10 nínú unit 70 tó kù. Ó le, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ṣe é. Ẹni tó bá gbé 2.90 kan náà wọ 400 level, tó ku unit 35 péré, kódà bó gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, tòun ti project, kò ní kọjá 3.43. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń kan ilẹ̀kùn level adviser, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òun náà ò lágbára láti ṣe. Ti àwọn tó gba Direct Entry wọlé, tí wọn ò ṣe 100 level, tún le díẹ̀ sí i, torí 200 level ni CGPA tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, sẹ́mẹ́sítà tí wọ́n lè fi ṣàtúnṣe kò tó ti àwọn yòókù.

Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù tó kúrò lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ lọ rí level adviser yín. Ẹ ti ka student handbook ẹ̀ka yín kẹ́ ẹ tó lọ. Inú máa ń bí olùkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bi í ní ohun tó wà lójú ewé kejì. Ẹ kí i dáadáa: "Ẹ káàsán, mà. Ọmọ 100 level ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo fọ́ọ̀mù mi kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú." Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa ráyè. WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́ kì í ṣe ọ̀nà.

Ẹ bi í nípa kọ́ọ̀sì 100 level tó jẹ́ prerequisite, nípa elective, ìyẹn kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ lè fúnra yín yàn, tó bá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú mu. Ọmọ tó kọ Medicine sínú fọ́ọ̀mù JAMB tí wọ́n fún ní Zoology ní ìbéèrè tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé transfer ṣeé ṣe lẹ́yìn 100 level, CGPA mélòó ni ẹ̀ka tó fẹ́ lọ ń béèrè, kọ́ọ̀sì wo ni kò gbọdọ̀ ṣàìsí lórí èsì rẹ̀? Bí kò bá béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́, ó lè ṣe dáadáa lọ́dún náà kó wá rí i pé kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n nílò kò sí níbẹ̀.

Portal máa ń ṣí fún ìgbà díẹ̀ fún add and drop, ìyẹn fífi kọ́ọ̀sì kún un tàbí yíyọ ọ́ kúrò, lẹ́yìn náà á tì. Ẹni tó ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún, wọn ò ní ka máàkì rẹ̀ kún un. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tí kò yọjú síbi ìdánwò láìní ìdí tí fásitì gbà, F ló sábà ń jẹ. Ọ̀pọ̀ fásitì tún ní kí ọmọ wà nínú kíláàsì tó tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó lè jókòó ìdánwò. Bí CGPA bá wá já wálẹ̀ ju 1.00 lọ, tàbí 1.50 láwọn ibòmíràn, probation ni, ìyẹn àkókò ìkìlọ̀, bí kò bá sì gbé e sókè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé.

Tí level adviser yín ò bá sí ní tòsí, bóyá ó lọ fún sabbatical, ìyẹn ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí olùkọ́ máa ń gbà, akọ̀wé ẹ̀ka á mọ ẹni tó ń dúró fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ HOD. Tó bá ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ti sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan títí dọjọ́ clearance, nígbà tí fásitì bá ń yẹ ìwé yín wò kẹ́ ẹ tó jáde. Èsì máa ń sọnù, pàápàá ti GST tí wọ́n ń ṣe káàkiri fásitì, fọ́ọ̀mù yẹn sì ni exam officer, olùkọ́ tó ń mójú tó èsì ìdánwò, máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.