Ìbéèrè kan nínú fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá Oakland

Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò lọ́jú pọ̀: wọ́n á kó wọn jọ sí kíláàsì, wọ́n á fi àwòrán hàn wọ́n, wọ́n á fọwọ́ síwèé, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ń bíni nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe gbà pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. New York bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 2018. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, òye àwọn ọlọ́pàá nípa ẹ̀tanú tó fara sin ti pọ̀ sí i, àmọ́ wọn ò rí ẹ̀rí tó ṣe gúnmọ́ pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú aláwọ̀ dúdú ti yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀tanú ń jẹ́ ìkórìíra. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ tó ti mọ ọ̀nà oko ni. Bá a jókòó ní pálọ̀, sọ fún un pé kó má yà níbi tó ti ń yà tẹ́lẹ̀ mọ́. Á ní òun ti gbọ́, kò sì purọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, tí oorun ò tíì dá lójú ẹ̀, ẹsẹ̀ á tún gbé e yà síbẹ̀. Àmọ́ tí igi bá wó dábùú ọ̀nà, á dúró, á sì wo ibi tó ń lọ.

Igi yẹn gan-an ni wọ́n gbé sọ́nà ní Oakland, ní Kalifọ́níà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jennifer Eberhardt ti Yunifásítì Stanford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ọlọ́pàá ibẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù tí ọlọ́pàá ń kọ tó bá ti dá ọkọ̀ dúró: ǹjẹ́ o ti ní ìròyìn tẹ́lẹ̀ tó so ẹni yìí gan-an mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ wo ọlọ́pàá kan lóru, tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti kú, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú ló ń wà á. Òfin gbà á láyè láti tìtorí iná dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò béèrè iná, ó sì mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ kọ́” lòun máa kọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kó máa lọ.

Lọ́dún 2017, kí wọ́n tó fi ìbéèrè náà kún fọ́ọ̀mù, nǹkan bí ìgbà 32,000 ni wọ́n dá èèyàn dúró ní Oakland. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó já sí nǹkan bíi 19,000. Ti aláwọ̀ dúdú nìkan fi ìdá 43 nínú 100 dín kù, ìwà ọ̀daràn ò sì tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ìbéèrè kékeré wà lára ohun tó ṣe èyí, mo sì gbà pé ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀gá tó ń gba fọ́ọ̀mù ló kù sí. Tí kò bá bi ẹni tó kọ “bẹ́ẹ̀ ni” pé ìròyìn wo, ta ló sọ ọ́, kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn á fi máa kọ “bẹ́ẹ̀ ni”.