Bí Páálí Dúdú Ṣe Di Ọmọọba: Iṣẹ́ Ọwọ́ Lotte Reiniger

Bí wọ́n bá béèrè fíìmù kátúùnù gígùn tó kọ́kọ́ jáde láyé, Snow White tí Walt Disney gbé jáde ní 1937 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí wọ́n yéé sọ ọ́. Quirino Cristiani ti ṣe ọ̀kan ní Ajẹntínà ní 1917, àmọ́ ìyẹn ti sọnù. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ ni ìtàn Ọmọọba Achmed tí obìnrin Jámánì kan, Lotte Reiniger, ṣe láàárín 1923 sí 1926. Ó fi ọdún 11 ṣáájú ti Disney.

Inú ìtàn Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ̀rún Òru Ó Lé Kan ló ti mú un: ẹṣin tó ń fò, oṣó, Aladdin àti fìtílà rẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn dúró wò dáadáa ni bí páálí ṣe ń di èèyàn.

Àlùmọ́gàjí ni Reiniger fi ń gé ère láti ara páálí dúdú. Kì í gé ère kan ní odindi: orí lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, apá lókè ìgbọ̀nwọ́ lọ́tọ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà lọ́tọ̀. Wáyà tín-ín-rín ló fi ń so wọ́n pọ̀ ní oríkèé, òjé tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ sì wà lára wọn kí wọ́n lè wúwo, kí wọ́n má baà ká sókè. Wọ́n á tẹ́ ère náà sórí gíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kó lè jẹ́ pé òjìji dúdú rẹ̀ nìkan ló máa hàn. Kámẹ́rà wà lókè, ó dojú kọlẹ̀. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe òkè àti ojú ọ̀run: bí wọ́n bá ṣe tò ó lé ara wọn tó ni yóò ṣe ṣókùnkùn tó.

Reiniger á sún apá bíńtín, ọkọ rẹ̀, Carl Koch, á ya àwòrán kan. Á tún sún un, wọ́n á tún yà á. Nǹkan bí 96,000 àwòrán ló wà nínú fíìmù tó jáde.

Ìrìn ló ṣòro jù. Bí ẹsẹ̀ bá sún, ìbàdí gbọ́dọ̀ yí díẹ̀, èjìká á dáhùn, orí náà ò ní dúró gbagidi. Bó bá sún un jù, ère á máa ta bí èèrà. Bí kò bá sún un tó, á dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó dáa.

Ère wọ̀nyí ò sì lójú tó lè sunkún. Egúngún tó gbé aṣọ borí kì í fi ojú hàn, síbẹ̀ bó bá ti ń bọ̀ lójú pópó, èèyàn á ti mọ̀ bóyá ijó ló fẹ́ jó tàbí pàṣán ló gbé bọ̀. Èjìká ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀, bí aṣọ ṣe ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé tó ti fẹsẹ̀ fẹ ò dúró de ojú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìbànújẹ́ ṣe ń hàn lára ọrùn tó tẹ̀ nínú fíìmù yìí. Ohun tí Reiniger ò ní ló sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọ̀gá.

Owó iṣẹ́ náà wá láti ọwọ́ Louis Hagen, oníṣòwò báǹkì tó ti ra ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọn ò tíì lò pamọ́ nígbà tí owó Jámánì ń di yẹpẹrẹ. Òkè ibi tí Hagen ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ní Potsdam, ìlú kan ní Jámánì, ni wọ́n ti ṣe é.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni pé ọwọ́ ẹnì kan ló so rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ Disney ṣeé pín: ẹnì kan á ya ojú, ẹlòmíràn á kùn ún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lè jókòó tì í. Àlùmọ́gàjí Reiniger ò ṣeé pín bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi di ilé iṣẹ́ ńlá. Ojúlówó fíìmù náà sọnù. Ẹ̀dà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi tún un ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990. Michel Ocelot, ọmọ Faransé tó ń ṣe fíìmù kátúùnù, tó sì gbé ìgbà èwe rẹ̀ ní Guinea, padà sí páálí dúdú yìí láwọn ọdún 1980, nítorí pé owó tó wà fún iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀, páálí ò sì wọ́n.