Àìtó họ́mònù táírọ́ìdì tí ara ò tíì yá lẹ́yìn oògùn

Àìtó họ́mònù táírọ́ìdì ni àìsàn tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí táírọ́ìdì, gílándì tó wà níwájú ọrùn níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń so, ò bá lè ṣe họ́mònù tó máa tó ara lò mọ́. Ẹni tó ní in á kàn máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá ni, òtútù á máa mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, á máa sanra, ìgbẹ́ ò ní yá bọ̀rọ̀, irun á máa já, ìgbàgbé á máa dà á láàmú. Levothyroxine ni oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ káàkiri ayé, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Àmọ́ tá a bá kó 100 èèyàn tó ń lò ó jọ, bíi 5 sí 10 nínú wọn ló máa ń sọ pé ara àwọn ò tíì bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn dáa.

Ibi tí oògùn náà ti wá

Ní 1891, dókítà George Murray ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gún obìnrin kan tí táírọ́ìdì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ lábẹ́rẹ́ omi tí wọ́n rí látinú táírọ́ìdì àgùntàn, ara obìnrin náà yá, ó sì wà láyé títí di 1919. Edward Kendall ya T4, họ́mònù tí táírọ́ìdì ń ṣe jù, sọ́tọ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ní 1914, ní London ni Jack Gross àti Rosalind Pitt-Rivers ti rí T3, họ́mònù táírọ́ìdì mìíràn tó lágbára jù ú lọ, ní 1952. Ní 1970 làwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà wá fi hàn pé ara ẹni tí ò ní táírọ́ìdì rárá ṣì ń sọ T4 di T3 fúnra ẹ̀. Látìgbà yẹn ni T4 nìkan, ìyẹn levothyroxine, ti di oògùn tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn, tí wọ́n á sì máa fi TSH, họ́mònù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì láti abẹ́ ọpọlọ, wò ó bóyá ó tó. Ní ọ̀pọ̀ làbọ́, TSH tó bá wà láàárín 0.4 sí 4.0 ni wọ́n ń kà sí dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ibí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò kó tó sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Tí táírọ́ìdì bá ti kú pátápátá, àgbàlagbà sábà máa ń nílò bíi máíkírógíráàmù 1.6 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n, ìyẹn bíi 112 fún ẹni tó wọn kílò 70. Nǹkan bíńtín ni, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ tó bá ṣòfò nínú ẹ̀ fi máa ń hàn lára.

Omi lásán ni kí wọ́n fi gbé e mì, kí inú ṣófo, kó tó wákàtí kan, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n tó jẹun. Kọfí wà lára ohun tí ò ní jẹ́ kó wọlé dáadáa, sóyà náà wà níbẹ̀, torí náà ògì tí wọ́n lọ sóyà mọ́ ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e lọ́gán. Kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú ló burú jù, wákàtí 4 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ẹ wo obìnrin tí àìsàn yìí jẹ́ kí nǹkan oṣù ẹ̀ máa pọ̀ jù: ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á lọ sílẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, á da méjèèjì mì pọ̀ láàárọ̀ kó má baà gbàgbé, irin á lẹ̀ mọ́ levothyroxine nínú ikùn, kò ní lè wọnú ẹ̀jẹ̀, TSH á gòkè, ìyẹn àmì pé họ́mònù ò tó, dókítà á tún fi kún oògùn, bẹ́ẹ̀ wákàtí tó ń lò ó nìkan ló yẹ kí wọ́n yí padà. Omeprazole táwọn tó ní ọgbẹ́ inú ń lò náà máa ń dí i lọ́wọ́, torí hóró levothyroxine nílò ásíìdì inú ikùn kó tó lè yọ́. Ẹni tí àárọ̀ ò bá rọgbọ fún lè lò ó tó bá fẹ́ sùn, tó bá ti tó wákàtí 3 tó jẹun alẹ́.

Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Lára ọ̀pọ̀ páálí ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí má gbóná ju 25°C, inú mọ́tò tí oòrùn ń pa ní Ìbàdàn tàbí Èkó gbóná jùyẹn lọ fíìfíì, torí náà kò yẹ kí oògùn yìí máa gbébẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí wọ́n tú u jáde nínú páálí ẹ̀ sínú ike mìíràn.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é náà ṣe pàtàkì. Ní Faransé ní 2017, ilé-iṣẹ́ Merck yọ lactose kúrò nínú Levothyrox, ìyẹn levothyroxine tiwọn, wọ́n fi mannitol àti citric acid rọ́pò ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló figbe ta pé ara àwọn ò gbà á. MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Bìrìtìkó, sọ ní 2021 pé tí ara ẹnì kan bá ń yí padà nígbàkigbà tí wọ́n bá pààrọ̀ irú èyí tó ń lò, kí dókítà rò ó láti máa kọ irú kan náà fún un.

Àyẹ̀wò tó lè tanni jẹ

Bíi ọjọ́ 7 ni ìlàjì T4 fi ń kúrò lára, torí náà ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn tí wọ́n bá yí oògùn padà ni kí wọ́n tó tún àyẹ̀wò ṣe. Ẹni tó ń pa á jẹ, tó wá ń lò ó dáadáa kìkì nígbà tí àyẹ̀wò ti sún mọ́lé, T4 ẹ̀ lè dáa kí TSH ẹ̀ ṣì ga. Biotin tún wà níbẹ̀, fítámì tó kún inú oògùn irun àti èékánná: ní àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan, ó máa ń jẹ́ kí TSH dà bíi pé ó kéré, kí T4 dà bíi pé ó pọ̀. Àwọn tí irun wọn ń já nítorí àìsàn yìí gan-an ló sì máa ń rà á jù, torí náà kí wọ́n dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ 2 kí wọ́n tó lọ fún àyẹ̀wò.

Nǹkan mìíràn tó lè fà á

Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó fítámì B12, ìtọ̀ ṣúgà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nǹkan oṣù tó fẹ́ dáwọ́ dúró àti èémí tó ń dá dúró lójú oorun, gbogbo wọn ló lè mú kó máa rẹ èèyàn. Ẹni tí àwọn sójà ara ẹ̀ fúnra wọn ló ń bá táírọ́ìdì ẹ̀ jà, èyí tí wọ́n ń pè ní Hashimoto, tètè máa ń ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mìíràn mọ́ ọn.

Fífi T3 kún un

Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 sọ pé inú àwọn aláìsàn dùn sí i nígbà tí wọ́n fi T3 rọ́pò díẹ̀ nínú T4 wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e ò rí ìyàtọ̀ gidi. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan wà tí jíìnì tó ń sọ T4 di T3 lára wọn yàtọ̀, tí T3 sì lè ràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tíì yanjú. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ táírọ́ìdì ní Yúróòpù gbà ní 2012 pé wọ́n lè dán an wò lábẹ́ ojú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, NICE, àjọ tó ń gba àwọn dókítà nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì sọ ní 2019 pé kí wọ́n má máa fún gbogbo èèyàn. Owó náà dá kún un: páálí T3 kan tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ń ra £20 ní 2009 ti di £248 ní 2017, ìjọba sì bu owó ìtanràn tó ju £100 mílíọ̀nù lé àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn tó wà nídìí ẹ̀.

Táírọ́ìdì ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, táwọn kan ń pè ní oògùn àdáyébá, T3 inú ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí táírọ́ìdì èèyàn ń ṣe lọ. Tí họ́mònù bá sì ti pọ̀ jù lára, ọkàn á máa lù ségesège, egungun á máa di ẹlẹgẹ́. Obìnrin tó lóyún ò gbọdọ̀ lo T3 rọ́pò T4, torí T4 ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú ń lò. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà láti 2017 ni pé gbàrà tí oyún bá ti dé, kó fi hóró 2 kún èyí tó ń lò lọ́sẹ̀, kó sì tètè lọ rí dókítà ẹ̀.