Kọ́bọ́ọ̀dù bàtà tó dé pinpin kì í pa òórùn

Ẹni tó bá fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù bàtà sílé, ì báà gbé e fún káfíńtà, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ra pákó àti ìṣó, ohun kan náà ló sábà máa ń tẹnu mọ́: kó ṣáà ti dé pinpin. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ má lujú, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbámọ́ra, kí òórùn má baà jáde sí pálọ̀. Lọ́jọ́ tí káfíńtà bá gbé e dé, á fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Màdáámù, ẹ wò ó, èèrà gan-an ò ráyè wọ̀ ọ́." Wọ́n á sanwó, inú wọn á dùn. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ra káńfọ̀ sínú ẹ̀.

Àṣìṣe gbáà ni. Bàtà tí a sé mọ́ inú àpótí tí kò lujú, òórùn rẹ̀ kì í dín kù. Ńṣe ló ń kóra jọ síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn. Kọ́bọ́ọ̀dù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, bàtà ló ń jẹ́ kó gbẹ.

Ojú òógùn tó wà lẹ́sẹ̀ èèyàn méjèèjì tó bí 250,000. Òógùn yẹn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn bakitéríà tó ń gbé lára ẹsẹ̀ ló ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn àti awọ ara tó ti kú, ásíìdì tí wọ́n ń yà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ yẹn ló sì ń rùn. Bí bàtà bá gbẹ, ọwọ́ wọn á rọ. Bó bá tutù, tí ibẹ̀ móoru, wọ́n á máa bí sí i. Ẹ wá wo ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tó bọ́ bàtà tó ti wọ̀ láti àárọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì pa á dé. Níbo ni omi òógùn yẹn máa gbà lọ? Ara bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, tàbí ara pákó.

Ẹ tún fi ti ojú ọjọ́ kún un. L'Ékòó lásìkò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń lé ní 80 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ibi tó bá ti kọjá bí 70, èébu lè hù lára awọ. Bàtà aláwọ tí ẹ kì í wọ̀ àfi ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi, ẹ fà á yọ lóṣù keje, nǹkan funfun ti bo ojú ìránṣọ rẹ̀ àti ibi tí okùn ń gbà kọjá. Ẹ nù ún, ó tún padà wá. Wọ́n á ní ayédèrú ni oníbàtà tà fún àwọn.

Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti ìdí bàtà tó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Bàtà olówó gọbọi, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú páálí fún ọdún mélòó kan nítorí òde pàtàkì. Òde dé, wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó jó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó láti ná an lówó, ìdí bàtà ti ń já sílẹ̀ bí ẹ̀rúnrún búrẹ́dì. Polyurethane, ìyẹn irú rọ́bà onífóòmù kan, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú ìdí bàtà bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ lẹ́sẹ̀, àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú u díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kó yá. Mi ò ní sọ pé kọ́bọ́ọ̀dù tó lujú á dá a dúró. Ó lójọ́ tí irú ìdí bàtà yẹn ń pé. Ṣùgbọ́n ibi tí ooru àti ọ̀rinrin há mọ́ kọ́ ló máa fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Àpò kékeré tó ń bá bàtà wá nínú páálí, tí wọ́n kọ sí lára pé kí ẹ má jẹ ẹ́, ń fa omi lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti mu yó, ó tán nìyẹn.

Mo mọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn sídìí pé kí wọ́n dí gbogbo ihò. Aáyán ni, eku ni, eruku ọyẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rí, tí ọmọńlé sáré níbẹ̀, kò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ihò sétí. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé la fi ń bá wọn jà. Ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ bo ihò láti inú, kí ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́lẹ̀ yípo. Bí eku bá pọ̀ nílé yín, ẹ lo onírin. Eruku á gbabẹ̀ wọlé díẹ̀ o, bọ́rọ́ọ̀ṣì ló wà fún ìyẹn.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń wọn pákó, ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ni bí inú rẹ̀ ṣe jìn tó. Bàtà ọkùnrin nọ́ńbà 44 ń gùn tó bí íǹṣì 12 láti ìta, torí náà kí inú kọ́bọ́ọ̀dù jìn tó íǹṣì 14, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá lẹ́yìn bàtà. Íǹṣì 7 láàárín ìpele kan sí èkejì ti tó, àfi tí bùútù bá wà nílé. Ìpele kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ jẹ́ pákó ńlá kan ṣoṣo. Ẹ la pákó sí íǹṣì méjì-méjì, kí ẹ tò wọ́n pẹ̀lú àlàfo láàárín. Ààbọ̀ íǹṣì dáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wọ bàtà gogoro nílé yín, ẹ jẹ́ kí àlàfo kéré sí ẹnu gìgísẹ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa há síbẹ̀. Ní ti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi íǹṣì méjì sílẹ̀ ní ṣíṣí lókè àti nísàlẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ lu ihò sí ilẹ̀kùn náà lókè àti nísàlẹ̀. Tí bàtà tó gbóná bá wọlé, afẹ́fẹ́ á gbòkè jáde, òmíràn á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ fi ẹsẹ̀ íǹṣì mẹ́rin gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri balùwẹ̀.

HDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, ń dán lójú, ṣùgbọ́n bí omi tí wọ́n fi ń nulẹ̀ bá ti ń kan ìdí rẹ̀, á wú, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Pákó igi ọmọ tàbí igi àfàrá tó ti gbẹ dáadáa sàn jù ú.

Pinpin yìí náà ló ń ba ilẹ̀kùn jẹ́. Pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i, fífẹ̀ ló ń fẹ̀ nígbà tó bá mu ọ̀rinrin. Ilẹ̀kùn tí káfíńtà rẹ́ mọ́ra wọn géérégé nínú ọyẹ́ oṣù kìíní, tó bá di oṣù keje, ẹ ó fẹsẹ̀ ti ògiri kẹ́ ẹ tó lè fà á ṣí. Ẹ jẹ́ kí àyè tó nípọn tó owó onírin kan wà láàárín wọn.

Ó wá ku ti káńfọ̀. Ó ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni, kì í mú un kúrò. Funfun róbótó tí wọ́n ń tà lọ́jà, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Gáàsì ló ń yọ́ dà, inú yàrá ló sì ń wá. Ọmọ ìkókó tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó G6PD, ìyẹn èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí irú wọn sì wọ́pọ̀ láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ tó bá ń fa á símú, á sì ní jọ́ńdíìsì tó le. Nílé tí ìkókó bá wà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ rọ èédú sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, ẹ gbé e sí ìpele ìsàlẹ̀, kí ẹ máa sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàtà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ fa ohun tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ jáde bó bá ṣeé fà, kó sùn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àárọ̀ ni kó tó wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí òjò bá pa, ẹ ki bébà ìwé ìròyìn sí i nínú, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti tutù.