Ìdí tí anime ẹlẹ́jẹ̀ fi ń tà lókè òkun ju anime fàájì lọ

Tẹ́ ẹ bá bá àwọn tó ń wo anime, ìyẹn kátúùnù ilẹ̀ Japan, ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù sọ̀rọ̀, orúkọ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni Attack on Titan, Death Note, Tokyo Ghoul, gbogbo èyí tí ikú pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ń wo ìyẹn náà ní Japan o, àmọ́ ọjà ńlá míì tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé tí wọ́n kàn ń ṣeré, tí wọ́n ń jẹ kéèkì, tí láburú kankan ò ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn ni mò ń pè ní anime fàájì. Àwọn kan á ní bí ọkàn àwọn òyìnbó ṣe rí nìyẹn, wàhálà ni wọ́n fẹ́ràn. Rárá o. Ibi tí owó ti ń wọlé, àti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ èyí tó máa kọjá àti èyí tí ò ní kọjá, ìyẹn ló ń kọ́ èèyàn ní ohun tó máa fẹ́ràn.

Ẹ wo K-On! tí Kyoto Animation ṣe lọ́dún 2009. Ní apá kejì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yui fẹ́ ra gìtá kan tówó ẹ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá lọ gbaṣẹ́, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń ka mọ́tò tó ń kọjá, wọ́n ń jẹ ìpápánu, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ìtàn ọ̀hún ò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo Attack on Titan, 2013. Kí apá kìíní tó parí, òmìrán kan ti gbé ìyá Eren, ọmọkùnrin tí wọ́n ń sọ ìtàn ẹ̀, jẹ lójú ọmọ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Pony Canyon lówó nínú méjèèjì o, torí náà kì í ṣe pé àwọn kan ń ṣe tiwọn fún Japan káwọn míì máa ṣe tiwọn fún òkè òkun, àpò kan náà ni wọ́n ti ń mówó jáde.

Bí owó ọ̀hún ṣe ń rìn rèé. Anime kan kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa ń kó jọ: ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé ìtàn náà, ilé iṣẹ́ orin, àwọn tó ń ṣe bèbí àti bájì, tẹlifíṣàn náà á wà níbẹ̀, kálukú á dáwó. Wọ́n á wá ra àkókò lórí tẹlifíṣàn lóru, lẹ́yìn aago méjìlá, nígbà tí àwọn ọmọdé ti sùn. Owó ìpolówó ò lè gbé e nígbà yẹn, torí náà láyé ìgbà tí díìsì ń tà dáadáa, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá rà á ni wọ́n ti máa ń retí owó wọn, díìsì kan sì lè gba apá méjì péré kó sì tó 6,000 tàbí 7,000 yen. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ̀rún mélòó kan èèyàn tó fẹ́ràn nǹkan dénú lè gbọ́ bùkátà anime kan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni anime fàájì máa ń fà mọ́ra, torí èèyàn inú ẹ̀ ni wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́, wọ́n á ra orin wọn, wọ́n á ra àwòrán wọn, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí ilé ìwé àtijọ́ kan ní Toyosato, ní ìpínlẹ̀ Shiga, tó jọ ilé ìwé inú K-On!, kí wọ́n ṣáà lè rí àtẹ̀gùn ẹ̀ lójú kòrókòró.

Lókè òkun, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọdé ló ni kátúùnù lójú àwọn èèyàn, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ta kátúùnù fún àgbàlagbà gbọ́dọ̀ fi hàn pé kì í ṣe tọmọdé, ohun tó sì ń fi ìyẹn hàn kíákíá ni ẹ̀jẹ̀, ìbọn àti ọ̀rọ̀ tó ṣòkùnkùn. Fíìmù Akira ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, fídíò tí ilé iṣẹ́ Manga Entertainment ń tà ní Bìrìtéènì náà bá ọ̀nà yẹn lọ, nígbà tí Adult Swim, ètò kátúùnù àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe lóru lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, sì bẹ̀rẹ̀ ní September 2001, Cowboy Bebop wà lára ohun tí wọ́n gbé síta. Ta ló máa gbé àwọn ọmọbìnrin tó ń mu tíì síbẹ̀?

Ní ilẹ̀ Faransé, ètò ọmọdé kan tó ń jẹ́ Club Dorothée, láti 1987 sí 1997, kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, Hokuto no Ken tí orí èèyàn ti ń fọ́ àti Maison Ikkoku tó jẹ́ ìtàn ìfẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ kan náà ló ń wo méjèèjì. Àwọn òbí pariwo gan-an lórí ti àkọ́kọ́ yẹn. Àmọ́ ọmọ tó dàgbà sídìí ètò yẹn ò ní sọ pé anime gbọ́dọ̀ lẹ́jẹ̀ kó tó dáa.

Anime fàájì tún ní ìṣòro tiẹ̀ tó bá fẹ́ kọjá sókè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wá látinú ìwé àwòrán alápótí mẹ́rin, àpótí mẹ́rin ẹ̀rín kan, ẹ̀rín náà sì lè wà nínú bí ẹnì kan ṣe yí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tàbí bó ṣe pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níléèwé, tàbí àsè ìgbà òjò kan. Ẹni tó ń túmọ̀ ẹ̀ á gbìyànjú, ẹ̀rín á sì kú sójú ọ̀nà. Ẹkún ìyá tó kú ò nílò ìtumọ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló tú u ká díẹ̀. Láti 2009 tí Crunchyroll, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo anime, ti ń gbé anime jáde nígbà tí Japan náà ń wò ó, kò sí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó máa sọ pé èyí ò ní tà. Nígbà tó fi máa di 2020, owó tó ń wọlé látòkè òkun ti kọjá ti inú Japan fúngbà àkọ́kọ́. Bocchi the Rock! jáde ní 2022, anime fàájì gidi ni, ọmọbìnrin tó ń ta gìtá tí ojú àwùjọ sì ń dẹ́rù bà á débi pé ó ń wọnú páálí, àwọn ará òkè òkun sì gbé e gẹ̀gẹ̀, torí kò sí ibi tí ẹ̀rù èèyàn ò sí.

Ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Lọ́dún 2015 ìjọba fòfin de anime 38, Attack on Titan àti Death Note wà níbẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni fíìmù Doraemon tí ò lẹ́jẹ̀ nínú pawó rẹpẹtẹ ní sinimá wọn. Fíìmù Natsume, ìtàn ọmọkùnrin tó ń dá orúkọ àwọn iwin padà fún wọn jẹ́jẹ́, dé sinimá níbẹ̀ ní 2019, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ti ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ pípẹ́ ló sì lọ jókòó wò ó.