Kí ni kíkó gbèsè wẹ́wẹ́ jọ sójú kan?

Kíkó gbèsè jọ sójú kan ni pé kí ẹni tó jẹ gbèsè kéékèèké lọ́tùn-ún lósì yá owó kan ṣoṣo tí èlé rẹ̀ kéré, kí ó fi san gbogbo wọn tán, kí ó sì wá máa san ẹyọ kan yẹn díẹ̀díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káàdì ìyáwó ni ọ̀pọ̀ ń lò fún un. Báǹkì á gbé gbèsè àtijọ́ sórí káàdì tuntun, á fúnni ní oṣù mélòó kan tí èlé kò ní sí tàbí tí yóò kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba owó iṣẹ́ tó tó 3% sí 5% gbèsè náà, èlé á sì fò sókè bí àsìkò yẹn bá parí.

Owó tiwa ni káàdì ATM ń ná. Owó báǹkì ni káàdì ìyáwó ń ná. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Èkìtì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń tọ̀ lọ fún irú owó bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n kan náà sì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ó jẹ áàpù orí fóònù ní ₦60,000, èlé 15% lóṣù. Ó jẹ olówó èlé àdúgbò ní ₦40,000, èlé 10%. Ó tún jẹ báǹkì kékeré kan ní ₦100,000, èlé 5%. Èlé nìkan á gba ₦18,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù, ojú owó kò sì tíì dín kọ́bọ̀. Bí ó bá rí ₦200,000 yá ní èlé 3% lóṣù, ₦6,000 ni èlé oṣù àkọ́kọ́, ó sì lè fi ₦12,000 tó yọ san ojú owó.

Àmọ́ ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé náà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ká ní oṣù mẹ́wàá ni olùkọ́ yìí fẹ́ fi san án, tó ń dá ₦20,000 ojú owó padà lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ orí ₦200,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka 3% sí títí dé òpin, ₦60,000 ni gbogbo èlé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí iye tó ṣẹ́ kù lóṣooṣù ni, ₦33,000 péré ni. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì: 3% lóṣù. Bákan náà, ẹ má fi èlé ọdún wé èlé oṣù, torí 3% lóṣù jẹ́ 36% lọ́dún.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni ẹni tó kó gbèsè jọ tán, tó tún padà sórí áàpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san, tí méjì wá di ẹrù rẹ̀. Ẹ pa àkáǹtì áàpù wọ̀nyẹn rẹ́. Bó bá sì jẹ́ káàdì ni ẹ lò, ẹ má fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, torí èlé irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì san kìkì iye tó kéré jù tí báǹkì bá kọ síwèé.

Òsómàáló Ìjẹ̀ṣà ìgbà àtijọ́, oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn, ní láti rin ìrìn àjò wá sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Báǹkì òde òní kò nílò bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí báǹkì tó yáni lówó lè fi fa gbèsè tí a kò san yọ láti inú àkáǹtì wa ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN. Nítorí náà, kí iye tí ẹ ó máa san lóṣù jẹ́ èyí tí owó oṣù yín lè gbé lẹ́yìn oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ. Bí ẹ bá sì san gbèsè àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tán, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó yá yín pé kò ku nǹkan kan, kí ẹ sì rí i pé ó ti ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè.